Oníke Ń Fẹ́ Ọmọ Onígi

Gunnvor kọ́kọ́ gbọ́ ìṣubú náà kó tó rí ẹni tó ṣubú. Ó ń bọ̀ láti ibojì ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nǹkan dún gbìì lórí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, síkì kan ṣoṣo, pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, sì ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Síkì onígi ni, ti àtijọ́, ó gùn ju ènìyàn lọ, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ta nìyẹn?" ó pariwo sókè. "Ṣé o ṣì wà láàyè?"

"Ó ku díẹ̀," ni ohùn ọkùnrin kan dá a lóhùn láti inú yìnyín. "Jọ̀ọ́, ṣé o rí fìlà mi níbẹ̀?"

Gunnvor dúró gbagidi. Ó mọ ohùn yẹn. Ọdún mẹ́ta ni kò ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí kì í tètè gbàgbé.

Sveinung ni. Oníke.

Nílé bàbá Gunnvor, wọn kì í dá orúkọ Sveinung. Oníke ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì fà á nìyí. Tarjei, bàbá Gunnvor, ló ń gbẹ́ síkì fún gbogbo àfonífojì Brekkedal, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe. Igi ló fi ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ igbó lọ yan igi, tó máa ń là á, tó máa ń fi omi gbígbóná tẹ imú rẹ̀ sókè, tó sì máa ń fi iná jó ọ̀dà wọ inú rẹ̀ kí yìnyín má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Láti kékeré ni Sveinung ti ń sáré lórí síkì Tarjei, òun ló sì yára jù ní gbogbo àfonífojì náà. Bó bá ti sáré tán, ilé iṣẹ́ Tarjei ló máa ń gbà lọ. Tarjei yóò gba síkì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò nù ún, yóò tọ́jú rẹ̀; Sveinung yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa mu kọfí, yóò máa wo Gunnvor tó ń kun ọ̀dà. Gunnvor náà ń wò ó. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì.

Nígbà tí síkì oníke kọ́kọ́ jáde, Brekkedal fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní abọ́ ìwẹ̀ ni wọ́n là sí méjì. Ọjọ́ ìdíje ńlá ni Sveinung wọ̀ ọ́ jáde. Ó fi gbogbo àwọn tó wọ síkì Tarjei sílẹ̀ sẹ́yìn débi pé ó ti jókòó, ó ti ń bó ọsàn jẹ, kí ẹni kejì tó dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ènìyàn díẹ̀ ló wá sọ́dọ̀ Tarjei. Nígbà tó tún yí po, kò sẹ́ni tó wá mọ́. Sveinung lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síkì oníke sí ìlú ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tún rí i lẹ́nu ọ̀nà Tarjei mọ́.

Òun náà ló wá wà nínú yìnyín yìí.

Gunnvor gbé síkì náà, ó gun òkè lọ bá a. Yìnyín kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò onírun àgùntàn tó mọ sí orúnkún, irú èyí tí àwọn bàbá àgbà ń wọ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo ló sì mú dání bíi tayé àtijọ́.

"Kí ni oníke ń fi igi ṣe?" Gunnvor bi í.

"Gunnvor." Ó fẹ́ dìde, ó tún yọ̀, ó jókòó padà. "Ti bàbá bàbá mi ni. Mo bá a lókè àjà."

"Mo ní kí lo ń fi í ṣe."

"Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí." Ó gbọn yìnyín kúrò létí. "Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ike ni mò ń tà. Ó yá lẹ́sẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò ní òórùn kankan. Ariwo tó ń pa lórí yìnyín dà bí ẹni ń wọ́ páànù nílẹ̀. Mo ní kí n tún dán an wò bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúnkún kan kúnlẹ̀ láti yí lórí síkì. Mo ti gbàgbé ẹ̀."

"O ò gbàgbé nǹkan kan. Ò ń gun ọ̀pá ni."

Ojú Sveinung pọ́n. Èébú gidi nìyẹn ní Brekkedal. Àwọn àgbà ní ọ̀pá wà fún gígun òkè. Ẹni tó bá gbé ara lé e nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ìyá rẹ̀ ni kó lọ bá kó máa di okùn bàtà fún un.

"Mi ò gun ọ̀pá."

"Ọ̀nà tí o tọ̀ wà níbẹ̀ yẹn. Wo ibi tí ọ̀pá ti fa ilẹ̀ ya. Mú síkì yẹn wá."

Ó gba síkì kejì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó de méjèèjì mọ́ bàtà ara rẹ̀, ó ju ọ̀pá nù, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ó ti ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fa èkejì sẹ́yìn, gìgísẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbéra, orúnkún tẹ̀ títí ó fi fẹ́ kan síkì, bí ìyàwó tuntun tó fẹ́ kí ìyá ọkọ. Ó na apá méjèèjì, ó yí. Ó tún yí sí òdìkejì. Igi náà ń dún ṣẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọmọ tó ń sùn. Nígbà tó dúró nísàlẹ̀ tó gbójú sókè, ó rí i pé Sveinung kò wo ẹsẹ̀ òun mọ́. Ojú òun ló ń wò.

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀," ó pariwo sí i, "fi ọ̀pá sílé!"

Ó tú síkì náà sílẹ̀ fún un, ó sì rìn dé ilé kó tó bi ara rẹ̀ léèrè ta ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí òun lẹ́nu.

*

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ìgbà òtútù yẹn ni wọ́n ń pàdé, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti lọ jẹun. Sveinung ń ṣubú, Gunnvor ń bú u. Nígbà tó yá, ìṣubú dín kù, èébú kò dín. Wọ́n máa ń jókòó sórí ẹ̀wù òtútù Sveinung, wọ́n máa ń pín ọsàn jẹ, Sveinung yóò sì máa sọ̀rọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù fún Gunnvor.

"Bí mo bá rí ọ," ó sọ lọ́jọ́ kan, "ó dà bí ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láàárọ̀."

"Ìyẹn máa ń yọ́ kó tó di ọ̀sán. Sọ nǹkan míì."

"Gunnvor, o ò ṣeé yìn rárá!"

"Má yìn mí. Jẹ ọsàn ẹ."

Gunnvor fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tó lè fi bo èyí mọ́ ara rẹ̀ lójú. Bó bá ń wẹ abọ́, ohùn ọkùnrin náà ni. Bó bá ń fún ewúrẹ́ ní koríko, ohùn ọkùnrin náà ni. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọkùnrin tí àárò síkì àtijọ́, ṣòkòtò àtijọ́ àti ọ̀pá àtijọ́ ń sọ, kí ló ń wá lọ́dọ̀ ọmọ agbẹ́síkì? Ṣé òun Gunnvor ló ń wá, àbí òórùn ọ̀dà tó wà lára aṣọ òun?

Nígbà náà ni imú síkì bàbá bàbá Sveinung ṣẹ́ mọ́ gbòǹgbò igi kan. Gunnvor sì ṣe ohun tí ènìyàn tó gbọ́n kì í ṣe. Ó gun òkè àjà ilé wọn, ó gbé síkì Åste wá fún un.

Åste ni ìyá Gunnvor. Tarjei gbẹ́ síkì yẹn fún un nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, orí rẹ̀ ni ìyàwó wà tí wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Láti ìgbà tí Åste ti kú, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Ó so rọ̀ lókè àjà, a dè é lórí àti nídìí, ègé igi kékeré kan sì há àárín rẹ̀ kí méjèèjì má baà kanra. Síkì onígi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní àárín bí ọrun ọdẹ. Títẹ̀ yẹn ló ń gbé ènìyàn. Ègé igi yẹn ni kì í jẹ́ kó nà. Gunnvor kò ṣàlàyé èyí fún Sveinung, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ní Brekkedal. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ṣàlàyé pé kí wọ́n má fi ọmọ sórí ààrò ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Sveinung fi ń sáré, Tarjei ló ń bá a tọ́jú síkì. Kò fọwọ́ ara rẹ̀ so ó rọ̀ rí. Ike sì rèé, kò fẹ́ ìtọ́jú. Ju ú síbi tó bá wù ọ́. Nígbà tí síkì Åste tutù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rò pé oore lòun ń ṣe. Ó tú u, ó yọ ègé igi náà kúrò kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀, ó sì gbé e ti ògiri lẹ́bàá ààrò onírin tó ń jó wìì. Ibẹ̀ ló wà títí di ọjọ́ Àìkú kejì.

Gunnvor gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó so méjèèjì pọ̀. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra láti orí dé ìdí bí pátákó méjì; títẹ̀ àárín wọn ti lọ.

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo fẹ́ kó gbẹ ni." Ìgbà tó rí ojú Gunnvor ni ẹ̀rù tó bà á. "Kí ló dé? Gunnvor, kí ni mo ṣe?"

Gunnvor kò lè bú u. Ìyẹn ló jẹ́ kí Sveinung mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó.

*

Tarjei máa ń kun síkì ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dà lọ́dọọdún kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Gunnvor ti so ó rọ̀ padà sókè àjà, ó sì mọ̀. Ó ń ka ọjọ́ bí olè tó mọ ìgbà tí onílé ń bọ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó sì dúró sísàlẹ̀ àkàsọ̀ náà.

Tarjei kò pariwo. Ó gbé síkì náà sọ̀kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ rẹ̀ láti imú dé ìdí.

"Ta ló gbé e sẹ́bàá iná?"

"Èmi ni."

"Ìwọ?" Ó wò ó. "Ìwọ tí mo kọ́ ní èyí kí o tó mọ ọ̀rọ̀ pè? Gunnvor, má fi irọ́ kún un. Ta ni?"

Gunnvor na ọwọ́ láti gba síkì náà. Bàbá rẹ̀ kò fún un.

"Oníke," Tarjei sọ. "Òun nìkan ni mi ò jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú síkì rí." Ó jókòó sórí àkàsọ̀, síkì wà lórí itan rẹ̀. "Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí o ní ibojì ìyá ẹ lò ń lọ."

"Mo ń lọ síbẹ̀, Bàbá. Mo kàn máa ń pẹ́ kí n tó padà ni."

"Ṣé ó fẹ́ fẹ́ ọ?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀."

Tarjei gbé síkì náà kúrò lórí itan. "Ọmọdé kọ́ ni ọ́. Mi ò ní dè ọ́ mọ́lẹ̀. Fẹ́ ẹ bó o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, má wo ibi ìjókòó mi. Mi ò ní sí níbẹ̀."

Ìyá ti lọ. Bàbá yìí nìkan ló kù fún un. Gunnvor mọ ara rẹ̀: òun kò ní lè fi bàbá òun sílẹ̀ nílé kí òun lọ fi òdòdó ìyàwó sórí. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá kọ Sveinung, òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ó lọ sí ilé àwọn ewúrẹ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, ó sunkún. Bí ènìyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran: ó nu ojú, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

*

Ingerid lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Kò lọ́kọ, kò sì wá a, ṣùgbọ́n ó ti bá ìdajì àfonífojì yẹn wá tiwọn. Ní Brekkedal, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ kì í kọjá abẹ́ ìtì igi tó gbé àjà dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, àfi bí onílé bá ní kó máa bọ̀. Ingerid ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó dúró sábẹ́ ìtì igi náà, ó ká ọwọ́ sí àyà.

Tarjei ń gé wàràkàṣì ewúrẹ́ sórí búrẹ́dì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Òtútù ń wọlé."

"Mo ti wọlé."

"Ẹ wá jókòó nígbà náà."

"Ṣé o ní kí n máa bọ̀?"

Tarjei gbójú sókè. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìtì igi tó wà lókè orí rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ dúró síbẹ̀."

"Ibẹ̀ náà ni mo wà."

"Ta ló rán yín?"

"Ẹni tó rán mi kò lórúkọ nínú ilé yìí. Mo gbọ́ pé Oníke lẹ ń pè é."

"Ẹ sọ fún un pé mi ò bímọ."

"Ta wá lèyí tó ń da kọfí yìí? Àlejò ni?"

Gunnvor yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ mọ ohun tó ṣe, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó sáré, ó borí. Lẹ́yìn náà ó yan síkì àbúrò mi bí ẹja. Òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí òmùgọ̀ má fẹ́yàwó, Tarjei, ta ni ì bá fẹ́ Åste?"

Ẹ̀rín fẹ́ já mọ́ Tarjei lẹ́nu, ó gbé e mì pẹ̀lú kọfí. "Ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ gbà mí. Bó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, kó wá fúnra rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà mi kò tíì ṣí kúrò níbi tó wà."

"Ṣé kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ wá mu kọfí."

"Ṣé o ní kí n máa bọ̀?"

"Kọfí ni mo ní kí ẹ wá mu! Mi ò sọ nǹkan míì!"

Ingerid bu ìgbésẹ̀ kan, ó gba ife, ó sì padà sábẹ́ ìtì igi rẹ̀ lọ mu ún lórí ìdúró.

Ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún Sveinung lọ́jọ́ kejì. Sveinung kò wá. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, ọjọ́ Àìkú kọjá, kò wá. Gunnvor wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ìsàlẹ̀.

Ó bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín síkì pupa, síkì búlúù, síkì àwọ̀ ọsàn. Ó dúró níwájú káńtà bí oníbàárà.

"O sáré sọ̀kalẹ̀ òkè ju gbogbo ènìyàn lọ," ó ní, "àmọ́ o ò lè rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan."

"Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sílẹ̀ ná."

"Kí lo máa fi ọ̀rọ̀ ṣe?"

Sveinung fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí. "Mo lọ síbẹ̀ rí, Gunnvor. Lẹ́yìn ìdíje yẹn. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fá igi nínú ilé. Mi ò lè kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí ó di ọ̀la. Bó bá ti di ọ̀la, á tún nira ju ti àná lọ. Bó ṣe di ọdún mẹ́ta nìyẹn."

Gunnvor kò ì gbọ́ èyí rí. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé èmi lò ń wá ni, àbí òórùn ọ̀dà?"

"Bó bá jẹ́ òórùn ọ̀dà ni, mo ní agolo rẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo lè máa ṣí i gbóòórùn, kí n sì máa dé e padà. Kì í bú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni àkọ́kọ́ tí Gunnvor gbà gbọ́ délẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì ń lọ," ó ní. "Ti ṣọ́ọ̀bù ẹ. À ń lọ."

*

Ilé iṣẹ́ ni Tarjei wà. Kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn jókòó ni, bó ṣe máa ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti tán. Sveinung kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Gunnvor dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá," Sveinung bẹ̀rẹ̀, "mo mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ọ̀run tó lè..."

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ta ló gbé síkì ìyàwó mi sẹ́bàá iná?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tí o yọ igi àárín rẹ̀?"

"Mo rò pé á tètè gbẹ."

"Òmùgọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣé a lè tún un ṣe? Mo lè wá máa tẹ̀ ẹ́ fún yín, ohun tó bá gbà ni mo máa..."

"Kò ṣeé tún ṣe. Igi tó bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀ kì í tún tẹ̀. Á so rọ̀ sí ògiri. Åste kò sí nínú rẹ̀. Åste ti kú, igi ni." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "O rò pé nítorí síkì ni mo ṣe ń bínú?"

"Nítorí ìdíje yẹn ni. Èmi ni mo pa iṣẹ́ yín."

"Ike ló pa á. Ojú mi kò fọ́. Nígbà tí o kọjá níwájú mi lọ́jọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ti tán." Tarjei dìde. "Ṣé o mọ ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn? Ibi tí wọ́n ń parí eré. Ẹ̀wù òtútù ẹ wà lọ́wọ́ mi, bí mo ṣe máa ń mú un dání fún ọ. O ti làágùn, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Mo fẹ́ fi wọ̀ ọ́. O wò mí, o wolẹ̀, o kọjá."

Sveinung bọ́ fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Àwọn oníbàárà lọ. Kí wọ́n máa lọ. Oníbàárà kì í ṣe ọmọ ẹni. Ìwọ ni mò ń retí pé o máa wọlé. Kọfí wà lórí iná. Àpótí ẹ wà níbẹ̀. Ò ń ṣọ̀fọ̀ mi, mo sì wà láàyè!"

Sveinung bú sẹ́kún, ọkùnrin ńlá náà. Kì í ṣe ẹkún tó dùn-ún wò. Imú rẹ̀ ń ṣàn, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Ojú ló ń tì mí, Bàbá. Ojú ló tì mí." Ìyẹn nìkan ló lè sọ. Gunnvor rí i pé bàbá òun kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Tarjei gbé e lé èjìká Sveinung nígbẹ̀yìn, ó gbá a pẹ́pẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń gbá ẹṣin.

"Ó tó. Nu imú ẹ." Ó jókòó padà. "Mú ọ̀kan wá fún mi."

"Ọ̀kan kí ni, Bàbá?"

"Ike yẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tó nà mí."

*

Sveinung mú un wá ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, síkì àwọ̀ ọsàn, nítorí òun ló gùn tó. Ingerid ti gbọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó sọ fún un. Ó ti jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó fi aṣọ bo orí.

"Tarjei, ọjọ́ orí ẹ ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mú un dání."

Ó ju ọ̀pá méjèèjì tí Sveinung mú wá sínú yìnyín, ó fa fìlà wọlẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Gunnvor kò ì rí bàbá rẹ̀ lórí síkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Tarjei kúnlẹ̀ yí, apá nà gbalaja, ẹ̀yìn dúró ṣánṣán bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀ yí. Ike àwọ̀ ọsàn yẹn ń pariwo lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀. Sveinung ṣí fìlà. Ingerid náà dákẹ́, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ike ràn án lọ́wọ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó yára kọjá ibi tó fẹ́ yí sí, ó wọ inú òkìtì yìnyín, ẹsẹ̀ méjèèjì lọ sókè.

Gunnvor àti Sveinung sáré sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bá a tó nà sórí ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Olè ni!" ó ń pariwo. "Ó yá lẹ́sẹ̀ bí olè! Wọ́n nà mí bó ṣe tọ́!"

Sveinung kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi ní Gunnvor."

"Ṣé síkì ni, tí mo máa fi gbé e fún ọ? Mi ò ní lọ́wọ́ nínú ẹ̀ mọ́. Èmi kọ́ lò ń fẹ́. Bi í."

Sveinung dìde. Gunnvor rí i tó ń wá ọ̀rọ̀, tó ń rí i, tó sì ń sọ ọ́ nù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gunnvor," ó ní, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

Gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọkùnrin méjì àti Ingerid, Sveinung kò bi í ní èyí rí. Ó wo Sveinung. Ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, tó ń gbìyànjú láti dá dìde, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé kò lè dá a ṣe.

"Gbé bàbá mi dìde ná," ó ní. "Ọwọ́ òsì ni kí o gbá mú. Ọ̀tún máa ń dùn ún."

Sveinung bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọwọ́ òsì mú, ó fi apá kejì gbá a lẹ́yìn, ó gbé e dìde jẹ́jẹ́. Tarjei dúró, ó gbọn yìnyín kúrò lára.

"Kí ló sọ?"

"Kò tíì dáhùn, Bàbá."

"Wo òmùgọ̀ yìí o!" Tarjei kọjú sókè sí Ingerid tó jókòó níwájú ilé, ó pariwo kó lè gbọ́. "Ọmọ mi ń sọ ibi tó ń dùn mí fún un bí ọmọ ilé, ó ní kò tíì dáhùn!"